Mẹsí Bọ́ Lẹ́nu Mi

Ọjọ́bọ̀, oṣù Kejìlá, 2019

Mo rìn yí ọjà etí odò ká nírọ̀lẹ́ yìí. Àkàrà ṣì wà, ṣùgbọ́n búrẹ́dì gígùn tí Ìyá Àwáwù máa ń gbé sọdá láti Kútọnu kò wọlé mọ́ látìgbà tí wọ́n ti ti bọ́dà. Ewúrẹ́ ló ń sùn lórí bẹ́ńṣì rẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, bí mo bá ra búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀, á dúpẹ́ ní Faransé, "Mẹsí, Tíṣà." Èmi olùkọ́ Yorùbá á fajú ro: "Ẹ ṣé là ń wí!" Á rẹ́rìn-ín, á tún un sọ.

Lónìí, alákàrà fi ẹyọ kan ṣe ènì fún mi. "Mẹsí" ló bọ́ lẹ́nu mi.

"Háà, Tíṣà! Ẹ̀yin náà?"

Mi ò tún un ṣe. Mo jókòó ti ewúrẹ́, mo jẹ àkàrà mi láìsí búrẹ́dì.