Ilé-Ẹ̀kọ́ Tí Ara Ti Máa Tu Britta

Vesby, Minnesota
Oṣù Kẹrin

Nels ọmọ mi,

O kú òtútù, o kú ariwo Chicago, o kú àforítì ọkọ̀ ojú irin tí ẹnì kan kì í kí ẹnì kejì nínú rẹ̀. Ọlọ́run tó ń bọ́ ẹyẹ nínú yìnyín á máa bọ́ ọ fún mi, kò ní fi ọ́ sílẹ̀ fún ẹni tí kò mọyì rẹ. Àlàáfíà la wà nílé. Yìnyín ti ń yọ́, ẹrẹ̀ ti gba gbogbo àgbàlá, màlúù tó o fẹ́ràn jù ti bí abo. LaVonne aládùúgbò wa ń kí ọ, ó ní kí n bá òun béèrè bóyá o ti ń jẹun dáadáa, mo ní kó béèrè fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Britta àbúrò rẹ ni mo fẹ́ bá ọ sọ. O mọ̀ pé ó ń wá yunifásítì, ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ni wọ́n sì ní kó mú ọ̀kan nínú àwọn tó gbà á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àyè ti bọ́. Olùkọ́ rẹ̀ ní kó sọ irú ibi tó fẹ́. Ó ní òun fẹ́ èyí tí kò tóbi jù, tí kò kéré jù, tí ara á ti tu òun nínú ọ̀rọ̀ òṣèlú àti láàárín àwọn èèyàn. Mo ní áà, ọmọ yìí gbọ́n, ibi tí kò ti sí ìjà ló ń wá. O rántí bí ìdìbò ṣe pín ìjọ wa sí méjì, tó jẹ́ pé àwọn kan ṣì ń gba ẹ̀yìn wọlé ìsìn títí dòní. Látìgbà yẹn ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ òṣèlú di èèwọ̀ nídìí oúnjẹ mi, ẹni tó bá dá a sílẹ̀, màá gbé àwo kúrò níwájú rẹ̀. Britta kì í sọ nǹkan kan rárá. Ohun yòówù tó o bá bi í, á ní kò burú. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé bó bá bọ́ sí ibi tí kò yẹ ẹ́, ẹnu rẹ̀ á pa dé pátápátá.

Àwọn yunifásítì yìí fẹ́ràn rẹ̀ o. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kọ̀wé sí i lórí kọ̀ǹpútà pé àwọn ń ronú nípa rẹ̀. Ọ̀gá àgbà kan ní ara òun ti wà lọ́nà láti rí i. Britta ní kí n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, àmọ́ ṣé wọ́n ń kí èèyàn kéèyàn máà dáhùn ni? Mo dá gbogbo wọn lóhùn. Mo ní kí ọ̀gá yẹn fara balẹ̀, à ń bọ̀, mo sì béèrè àlàáfíà ìyàwó rẹ̀. Kíá ló fèsì pé inú òun dùn sí ìbéèrè mi, ọkùnrin tíṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ kan tún ní ká fi kọ̀ǹpútà rìn yí ọgbà àwọn ká. Mo wọ aṣọ ìsìn mi, mo jókòó síwájú rẹ̀, mo ń kí gbogbo ọmọ tó ń kọjá, kò sí èyí tó dá mi lóhùn. Mo fagi lé wọn.

Ni mo bá ní ká lọ fojú ara wa rí i. LaVonne bá wa tọ́jú màlúù, ìyá inú fóònù sì ń júwe ọ̀nà. Onísùúrù ni obìnrin yẹn, mo ṣìnà títí, kò pariwo mọ́ mi. Nígbà tá a fẹ́ yà ra epo, mo sọ fún un kó má bínú, a ò ní pẹ́. Britta fọwọ́ bojú.

Mo ti mọ bí mo ṣe máa dán wọn wò. Mo ṣe àkàrà òyìnbó pẹlẹbẹ tí mo máa ń fi ẹ̀pà lílọ̀ àti ṣokoléètì ṣe, páànù kan fún ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Mo gbé e síbi táwọn ọmọ ti ń jẹun, mo lọ jókòó sígun kan. Ìwọ náà mọ̀ pé nílẹ̀ wa níbí, ọmọlúàbí kì í mú ẹyọ tó gbẹ̀yìn nínú àwo.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ kékeré, nígbà tó ku ẹyọ kan, ọmọ kan gé e sí méjì, ó mú ìlàjì. Òmíràn gé ìlàjì tó kù sí méjì. Nígbà tó yá, èérún tí èèrà lè gbé ló kù, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Omi bọ́ lójú mi. Mo wo Britta, ó ní kò burú.

Ní èyí tó tóbi, kò sẹ́ni tó jẹ ẹyọ kan. Ẹ̀ṣọ́ méjì ló dé, wọ́n ní ta ló ni ẹrù yìí, wọ́n ní kí gbogbo èèyàn sún sẹ́yìn. Mo ní èmi ni, ẹ bù ú jẹ. Wọ́n ní àwọn wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀kan mú un ṣá.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí kò tóbi, tí kò kéré. Ọmọkùnrin kan tó lẹ báàjì ẹgbẹ́ òṣèlú kan máyà dúró nídìí páànù mi, ọmọbìnrin tó lẹ ti ẹgbẹ́ kejì kọjú sí i, wọ́n ń jiyàn lórí owó tí ìjọba ń fún àgbẹ̀. Kì í ṣe ohùn jẹ́jẹ́ o. Mo ti ń sọ fún Britta pé gbé àpò rẹ, ìjà ti dé. Bí ọmọbìnrin yẹn ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ló na ọwọ́ mú ẹyọ tó gbẹ̀yìn, odindi, ó sọ ọ́ sẹ́nu. Ọmọkùnrin yẹn ní ọ̀kánjúà ni ọ́, èmi ni mo ti fojú sí i. Ọmọbìnrin yẹn ní ìwọ fojú sí i, èmi fọwọ́ sí i. Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń bá iyàn wọn lọ.

Ìgbà tí mo máa yíjú, Britta ò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ti lọ fa àga, ó ti jókòó sáàárín wọn, ó ń sọ fún wọn pé àwọn méjèèjì ò tọ̀nà. Àbúrò rẹ o, oní-kò-burú yẹn.

Nínú mọ́tò mo bi í pé kí ló rí níbẹ̀. Ó ní Màámi, kì í ṣe ibi tẹ́nì kan ò ti ní bá mi jiyàn ni mò ń wá, ibi tí mo ti lè sọ tinú mi tí wọn ò ní gbé àwo kúrò níwájú mi ni. Ó tún ní ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ẹni tẹ́ ẹ̀ ń dìbò fún, mi ò fara mọ́ ọn rí. Nels, ó dùn mí, mi ò ní purọ́ fún ọ. Nígbà tó yá mo ní kí ló ṣe é tó ò fi fara mọ́ ọn. Ó sọ ọ́. Mo ní irọ́ ni. Ó ní òótọ́ ni. Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, a jiyàn débi pé a kọjá ilé, a ti wọ South Dakota, ìpínlẹ̀ kejì, ká tó mọ̀. Látọjọ́ tí mo ti bí ọmọ yìí, ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ kẹta yẹn ló mú. Wọ́n ń béèrè owó díẹ̀ kí wọ́n tó lè fi àyè sílẹ̀ dè é, torí náà, bàbá mi, fi nǹkan ránṣẹ́. Má fi í ránṣẹ́ sórí fóònù o, mo ti yẹ tèmi wò dáadáa, kò níbi tí owó lè gbà jáde.

Bó o bá sì ń bọ̀ wálé, múra sílẹ̀, torí mo fẹ́ bi ọ́ lẹ́ni tí ìwọ náà ń dìbò fún. Mi ò bi ọ́ rí. Ọlọ́run á ṣọ́ ọ, á ṣí ọ̀nà fún ọ, èrò yòówù kó o ní, àwo rẹ á máa wà lórí tábìlì mi.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ardis