Ẹ̀bẹ̀ Kí Wọ́n Yọ Àwòrán Ọkọ Mi Kúrò Lára Ògiri Iléeṣẹ́

Ilé Kejìdínlógún,
Òpópónà Kànga Òkúta,
Heishiping, Hunan.
9 Oṣù Kọkànlá, 2011.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ààbò Òṣìṣẹ́,
Heishiping.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

NÍPA IKÚ KUANG YISHAN ÀTI ÌWÉ ÌWÁDÌÍ TÓ DÁ A LẸ́BI

1. Èmi ni opó olóògbé náà. Níléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe irin tọ́ngísítìn tó wúwo ju òjé lọ, èmi ni mò ń wọn ìyẹ̀fun, òun ló ń tọ́jú iléru. Ọdún mọ́kànlá la fi ṣe é pọ̀. Lẹ́tà kẹrin tí mo kọ sí yín nìyí.

2. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta, mo wọn ìyẹ̀fun tọ́ngísítìn, níkẹ́ẹ̀lì àti irin, tí ìpẹtà ṣì wà lára gbogbo wọn. Nínú iléru, gáàsì haidirójìn ní í bọ́ ìpẹtà náà, tí í sọ ọ́ di ooru omi. Ooru yìí gbọ́dọ̀ jáde tán kí iná tó le, kí ìyẹ̀fun tó lẹ̀ mọ́ra di odindi irin.

3. Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Bian, ní kí wọ́n tètè koná sí i, oníbàárà ń dúró. Ó ṣojú mi tí ọkọ mi fi dá a lóhùn pé: "Ọ̀gá, ẹ ní sùúrù. Omi inú ẹ̀ ò tíì jáde. Tá a bá sáré sí i, á wú bíi búrẹ́dì ni."

Ọ̀gbẹ́ni Bian ní: "Yishan, ṣé ìwọ lo ni iléeṣẹ́ ni? Koná, jàre!"

Ọkọ mi koná.

4. Irin náà wú. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Bian yọjú wò ó láti ojú ihò ara iléru, ẹ̀rù bà á. Ó ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn láìtíì fi náítírójìn lé haidirójìn, tí í gbiná bí atẹ́gùn bá kàn án, jáde. Ọkọ mi kọ̀. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló fa ilẹ̀kùn náà. Ọkọ mi tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú òun ni iná sì bú sí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò sí i láyé.

5. Ìwé ìwádìí sọ pé àìbìkítà ọkọ mi ló ṣílẹ̀kùn. Bàbá Peng, tó wà níbẹ̀, sọ òtítọ́ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. N kò bínú sí i. Ọmọ rẹ̀ méjì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

6. Wọ́n wá gbé àwòrán ọkọ mi kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ilé oúnjẹ, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Má ṣe bíi ti ọkùnrin yìí." Abẹ́ rẹ̀ ni mò ń gbà lọ jẹ ìrẹsì lójoojúmọ́, nítorí n kò ríṣẹ́ mìíràn.

7. N kò tan ara mi jẹ. Ọ̀gbẹ́ni Bian ti di ọ̀gá àgbà, mo sì mọ̀ pé ẹ kò ní dá a lẹ́bi. Bí ẹ kò bá lè tún ìwé náà kọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní kí wọ́n dá àwòrán náà padà fún mi. Èyí tí wọ́n yá lọ́wọ́ mi fún ìsìnkú rẹ̀ ni. N kò ní òmíràn.

Ẹ ṣeun, bí ẹ bá kà á dé ìhín.

Èmi ni tiyín, tí n kò retí èsì,

Shu Meiqing,
Òṣìṣẹ́ tó ń wọn ìyẹ̀fun.