Áásù Tí Mo Ní Kí O Gbé Dànù

Ìyá àwọn ọmọ,

Má jẹ́ káwọn ọmọ sún mọ́ ọkọ̀ àtijọ́ yẹn o, jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Áásù ẹ̀yìn tó nípọn, irin tó so táyà méjèèjì pọ̀, tí mo fi sí i nítorí eré ìje gùn jù. Orí jáàkì ni mo ti wọ̀n ọ́n. Nígbà tí mo sọ ọ́ kalẹ̀ láàárọ̀ yìí, ara ọkọ̀ ràgàjì náà jókòó lé táyà, táyà ò yí mọ́, ni mo bá tún fi jáàkì gbé e.

Áásù ti tẹ́lẹ̀ ni ǹ bá dá padà. Mo jágbe mọ́ ọ pé kí o gbé e fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, má bínú. Etí ikún tó o máa ń kọ sí mi ni mo gbójú lé.

Mo dé ẹ̀yìnkùlé tí mo jù ú sí, ibẹ̀ mọ́ tónítóní. Ọdún méjìlélógún, àná lo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbọ́ràn sí mi lẹ́nu!