Màmá Fi Aṣọ Yín Bo Ata

Dádì mi àtàtà,

Òtútù ti kúrò nílẹ̀ ní Amẹ́ríkà níbí báyìí. Mo ní kí n jókòó kọ̀wé sí yín nípa ohun tí Màmá ṣe láti ìgbà tí ewé ti bẹ̀rẹ̀ sí í rú, torí mi ò mọ ẹlòmíràn tó máa gbádùn rẹ̀ tó yín.

Nígbà ayé yín, inú ilé Forestville ni ti Màmá, ẹ̀yìnkùlé ni tiyín. Tí ẹ bá ti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Capitol Heights, tí ẹ wakọ̀ délé, ẹ kì í tíì tú táì ọrùn yín tán tí ẹ ó ti wà láàárín ebè. Ẹnu ọ̀nà kíṣìnì ni Màmá ti máa ń gba ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ yín, wọn á ní kí ẹ bọ́ bàtà kí ẹ tó wọlé. Ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n máa ń yọjú wò yín láti ojú fèrèsé, tí wọ́n bá rò pé ẹnikẹ́ni ò rí wọn?

Lẹ́yìn ìsìnkú yín, gbogbo ìgbà òtútù ni wọ́n fi jókòó sínú yàrá. Aṣọ yín wà nínú wọ́díróòbù, wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ọ̀kan níbẹ̀. Èmi àti ọkọ mi wá pinnu pé kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ wa ní Fairwood, kí a ta ilé. Lọ́jọ́ Àjíǹde, nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a sọ fún wọn. Wọn ò jiyàn. Wọ́n béèrè bóyá oòrùn máa ń wọ yàrá náà, wọ́n sì bu oúnjẹ fún wa. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo pè wọ́n lórí fóònù títí, wọn ò gbé e. Mo sáré wakọ̀ lọ. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti rí wọn, lórí ìkúnlẹ̀, nínú bàtà òjò yín tí wọ́n ki ìbọ̀sẹ̀ bọ̀ kó lè bá ẹsẹ̀ wọn mu. Wọ́n ti fa gbogbo igi ata gbígbẹ ti ọdún tó kọjá tu, wọ́n sì ti ro ìdajì ilẹ̀ náà. Mo béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe.

“Mo ń gbin ata,” ni wọ́n wí, wọn ò sì gbójú sókè.

Mo rán wọn létí pé a fẹ́ ta ilé. Wọ́n ní ẹni tó bá rà á á rí ata jẹ. Ẹ má bínú o, Dádì, wọn ò kọ ebè bíi tiyín. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni wọ́n ṣe, wọ́n to òkúta yí i ká. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tí àwọn ebè yín ti ń bí wọn nínú, pé ńṣe ni ẹ ń fi ilẹ̀ ṣòfò. Mo rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín nínú ilé yẹn.

Àmọ́ wọ́n ti tètè gbìn ín jù. Ìrì dídì bọ́ ní òru ọjọ́ kan, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo ata náà ti dúdú, ó rọ̀ bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n bọ̀. Wọ́n pè mí níbi iṣẹ́, ohùn wọn kéré gan-an. Mo lérò pé wọ́n máa jáwọ́. Kí n tó débẹ̀, wọ́n ti lọ bá bàbá ará Amẹ́ríkà tó wà nílé kejì, ẹni tí ẹ̀yin àti ẹ̀ máa ń tàkúrọ̀sọ lórí fẹ́ǹsì, tí Màmá kàn máa ń juwọ́ sí lásán. Ó ní òun náà ti pàdánù irúgbìn bẹ́ẹ̀ rí, pé tí wọ́n bá ti kéde òtútù, kí wọ́n fi aṣọ bò ó kí oòrùn tó wọ̀. Màmá lọ ra ata mìíràn, wọ́n tún un gbìn. Orúnkún wọn wú. Nígbà tí mo fi ìpara wọ́ ọ fún wọn, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sinmi. Wọ́n ní kí n wọ́ ìbàdí náà.

Kò pẹ́ tí wọ́n kéde lórí tẹlifíṣọ̀n pé òtútù ń padà bọ̀. Láti ibi iṣẹ́, Forestville ni mo gbà lọ tààrà. Màmá ti kó gbogbo aṣọ bẹ́ẹ̀dì jáde, kò tó. Ata ṣì kù níta, oòrùn sì ń wọ̀. Wọ́n wọlé. Nígbà tí wọ́n máa jáde, aṣọ yín ló kún ọwọ́ wọn: bùbá aláwọ̀ aró yẹn, ṣẹ́ẹ̀tì tí ẹ máa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, kóòtù tí ẹ fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n kó díẹ̀ fún mi, wọ́n sì fi hàn mí bí n ṣe máa fi igi gbé e dúró kó má baà tẹ ata mọ́lẹ̀. Nígbà tó ku kóòtù nìkan, wọ́n ní:

“Àwọn aṣọ yìí ti wà lásán tó.”

Mo sùn síbẹ̀. Nígbà tí oòrùn là, a ṣí àwọn aṣọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìrì dídì ti mú kí wọ́n le gbagidi, ṣùgbọ́n gbogbo ata abẹ́ wọn tutù yọ̀yọ̀. Màmá fọwọ́ kan àwọn ata náà, wọ́n wá jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé, wọ́n sunkún. Mo jókòó tì wọ́n. Nígbà tó yá, wọ́n dìde, wọ́n fọ aṣọ náà, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n sì kó o fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tó nílò rẹ̀. Bùbá nìkan ni wọ́n mú. Òun ni wọ́n ń wọ̀ ṣiṣẹ́ nínú ọgbà.

A ò ta ilé mọ́. Ọkọ mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Màmá ní àwọn máa wá sí Fairwood tí àwọn ò bá lè lóṣòó mọ́, pé kò tíì kàn wọ́n.

A ti jẹ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí wọ́n gbìn síbẹ̀, ata sì ti ń tanná. Tí wọ́n bá pe àbúrò wọn ní Ìbàdàn, ìbàdí àti orúnkún tó ń ro wọ́n ni wọ́n máa ń rò, pẹ̀lú ohùn ẹni tó ń fi léèsì tuntun yangàn. Mo máa ń jókòó wò wọ́n, ẹnu á yà mí. Dádì, ṣé ẹ mọ ẹni tí ẹ ń bá gbé? Bóyá ẹ ti mọ̀, ẹ kàn ò sọ fún wa ni.

Ní Sátidé tó kọjá, wọ́n gbé ọkọ́ lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n ro ibi tí ilá máa wà. Àtẹ́lẹwọ́ mi lé ròrò. Bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, ẹ̀yìn ń dùn mí débi pé mo ní láti máa dìde nàró. Inú mi náà sì ń dùn.

Èmi ni ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí erùpẹ̀ ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀.