Nọ́ńbà Kan Náà Lára Ọṣẹ àti Ata

Ọjọ́bọ̀, oṣù Kẹjọ, 1996

Ara mi ò balẹ̀.

Ìyá Sàdíátù tó ń se ọṣẹ dúdú l'Amukoko kó páálí wọn dé Wharf Road lónìí, pẹ̀lú lébẹ̀ẹ̀lì onílà tí ẹ̀rọ máa ń kà láti mọ ọjà, èyí tí kọ̀ǹpútà mi tẹ̀ fún wọn. Àwọn tó ń ra ọjà wọn ní Lọ́ńdọ̀nù kì í gba ẹrù tí kò bá ní in. Ẹjẹ́ǹtì tó ń bá wọn fi ẹrù ránṣẹ́ fi ẹ̀rọ ka ìlà náà. Ẹ̀rọ ní ata gígún ni.

Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀: kọ̀ǹpútà ti fún ọṣẹ ní nọ́ńbà ata Alájì, oníbàárà mi mìíràn.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká yọ gbogbo lébẹ̀ẹ̀lì náà, mà."

"Kí ọkọ̀ wá fi mí sílẹ̀? Ṣebí ìwọ lo ní kọ̀ǹpútà rẹ kì í ṣàṣìṣe!"

Mo sáré padà sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Malu Road, mo tún nọ́ńbà náà ṣe, mo tẹ lébẹ̀ẹ̀lì mìíràn. A jọ lẹ̀ ẹ́ nínú oòrùn. Bá a ṣe parí, ọkọ̀ gbéra.

Ó yẹ kí n sinmi báyìí. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà yìí kan náà ló tẹ lébẹ̀ẹ̀lì àwọn oníbàárà mi tó kù lọ́sẹ̀ tó kọjá, mi ò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹrù wọn ti wà lórí òkun.