Àlọ́ Tí Mo Pa Nínú Òkùnkùn Ọ̀sán

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú òjò, ẹ kú iṣẹ́ kòkó. Mo kí Màmá, abiyamọ tí kì í sùn tán. Mo kí Fúnmi, àbúrò mi tó ń tọ́jú yín. Mo kí àwọn ará ilé ẹ̀yìn tó máa ń wá gba iná sí fóònù wọn lọ́dọ̀ yín. Mo kúnlẹ̀ kí ẹ̀yin náà o, bí ẹ ò tiẹ̀ fẹ́ gbọ́ ohùn mi.

Láti ọjọ́ àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà Ìkẹ́rẹ́ lẹ ò ti gbé fóònù mi mọ́. Bí mo bá pè, Fúnmi á ní ẹ wà lẹ́yìnkùlé. Ó dáa. Mo mọ̀ pé kò sí ojú ewé kan nínú ìwé ìròyìn ṣọ́ọ̀ṣì wa tí ẹ kì í kà, títí dé ibi tí wọ́n ti ń dárúkọ àwọn tó gbálẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ìdí nìyí tí mo fi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí síbẹ̀. Gbogbo ìjọ á kà á. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé mo lágídí, ọ̀dọ̀ yín náà ni mo sì ti kọ́ ọ.

Iṣẹ́ ń lọ. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ṣì wà ní Kánádà níbí, wọ́n fi mí sí ibi ìfọṣọ. Aṣọ ibùsùn ni mò ń fọ̀ láti àárọ̀. Ẹ̀rọ ló ń fọ̀ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í ká aṣọ. Ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ kí èèyàn bá èèyàn sọ̀rọ̀. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń béèrè àlàáfíà mi, wọn kì í dúró gbọ́ èsì. Yìnyín ti lọ, ẹ̀ẹ̀rùn wọn ti dé, oòrùn ò sì fẹ́ wọ̀ mọ́. Mo lè jẹun alẹ́ tán kí n wẹ̀, oòrùn á ṣì wà lójú fèrèsé bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó máa lọ.

Àárò yín ló jẹ́ kí n kọ ìtàn tó dá wàhálà sílẹ̀. Fúnmi ló sọ fún mi pé wọ́n ń ṣe ìdíje ìtàn kúkúrú níbi àjọ̀dún náà, pé ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tó wà lẹ́yìn odi lè fi fóònù ka tiẹ̀. Mo kọ ìtàn obìnrin kan tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, tó ń pa àlọ́ fún wọn kí oorun má baà gbé wọn. Àlọ́ Màmá ni mo fi sí i lẹ́nu, ti ọmọbìnrin tó lọ pọnmi tó sì ṣìnà nínú igbó. Ìyá rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń kọrin títí ọmọ náà fi tọ ohùn rẹ̀ wálé. Bí ìyá bá dákẹ́, ọmọ ò ní mọ ọ̀nà. Ẹ mọ orin náà. Apàlọ́ á ní, Ọmọ mi dà o? Àwọn tó ń gbọ́ á ní, Ó ń bọ̀ lọ́nà. Ulé ò jìnnà o. Ó ń bọ̀ lọ́nà. Ulé ni mo kọ sílẹ̀, mi ò kọ ilé, torí bí Màmá ṣe ń pè é nìyẹn.

Wọ́n mú ìtàn mi mọ́ àwọn tí wọ́n máa kà. Aago mẹ́jọ alẹ́ ni wọ́n fi tèmi sí. Mẹ́jọ alẹ́ yín, méjì ọ̀sán ni níbí.

Nígbà tí mo sọ fún yín, ẹ kọ̀ jálẹ̀. Ẹ ní a kì í pa àlọ́ lọ́sàn-án, pé ẹni tó bá dán an wò, ẹ̀mí ìyá rẹ̀ ló ń fi ṣeré. Mo ní ilẹ̀ á ti ṣú ní Ìkẹ́rẹ́. Ẹ ní orí ẹni tó ń pa á ni oòrùn ń wò, kì í ṣe orí àwọn tó ń gbọ́. Mo ní ìtàn kúkúrú ni, kì í ṣe àlọ́. Ẹ ní bí wọ́n bá fi ewé pọ́n ẹ̀kọ, ẹ̀kọ náà ló ṣì jẹ́. Ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ Màmá lẹ́nu, mi ò gbọdọ̀ dá a láṣà.

Mi ò fi yín ṣẹ̀sín, Bàbá. Gbogbo àwa ọmọ yín la mọ ìdí ọ̀rọ̀ náà, ẹ ti sọ ọ́ fún wa kí a tó mọ ọ̀nà oko. Ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n yín jókòó sábẹ́ kòkó ní oko ọ̀nà Ìsẹ̀, ẹ ń pàlọ́ lọ́sàn-án gangan. Ẹ délé, ẹ bá ìyá yín nílẹ̀, wọn ò sì dìde mọ́.

Torí náà mo dá ọgbọ́n. Yàrá kan wà níbi iṣẹ́ wa tí a ń kó aṣọ ibùsùn sí, kò ní fèrèsé. Mo bẹ ọ̀gá mi kó jẹ́ kí n lo àkókò ìsinmi mi níbẹ̀. Ó béèrè ohun tí mo fẹ́ ṣe nínú òkùnkùn. Mo ṣàlàyé fún un, ó wò mí títí, ó ní kí n rí i pé mo ti ilẹ̀kùn. Mo pa iná, mo fi aṣọ ìnura dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Mo gbé ọwọ́ mi sójú, mi ò rí i. Mo ti há ìtàn náà sórí. Bàbá, inú òru ni mo wà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé mo pa àlọ́ lọ́sàn-án.

Fúnmi gbé fóònù rẹ̀ sẹ́nu gbohùngbohùn. Mo ka ìtàn mi títí mo fi dé ibi orin. Ọmọ mi dà o? Ni gbogbo gbọ̀ngàn bá dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé, ẹnì kan ò tíì gbe orin fún mi rí. Mo sunkún, mi ò jẹ́ kó hàn nínú ohùn mi.

Àfi bí òjò ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ yín tí nẹ́tíwọ̀kì sì lọ. Mo pè títí, kò wọlé. Mo ti fi ọmọ náà sílẹ̀ sínú igbó. Mo jókòó sínú òkùnkùn, ọ̀rọ̀ yín ń dún létí mi, mo sì gbà nínú ọkàn mi pé Màmá ti ṣubú.

Fúnmi ló pè mí padà. Ó ní Màmá dìde láàárín èrò, pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, wọ́n ní ọmọ àwọn ò ní sùn sínú igbó, wọ́n sì dá orin náà. Wọ́n pa á dé ìparí. Ọmọ náà délé. Àwọn adájọ́ ní ẹni tó kọ ìtàn ló gbọ́dọ̀ kà á tán, wọn ò fún mi ní ipò kankan. Òfin ni, mi ò bá wọn jà. Ohun tó dùn mí ni pé ẹ̀yin nìkan lẹ ò sí níbẹ̀. Ẹ ti bínú lọ sùn sí abà.

Màmá ń jẹun. Wọ́n ń bá Fúnmi jà lórí iyọ̀ bí ti tẹ́lẹ̀. Ọmọdé lẹ jẹ́ nígbà yẹn, Bàbá. Àlọ́ kọ́ ló pa ìyá yín, ẹ̀yin náà kọ́. Ẹ ti ru ẹrù yẹn pẹ́ jù, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ̀yin lẹ sọ mí ní Yétúndé, ìyá yín lẹ sì máa ń pè mí bí inú yín bá dùn sí mi. Ẹ fi mí ṣe ìyá náà lónìí, kí ẹ gbọ́ tèmi.

Wọ́n á tún ṣe àjọ̀dún náà lọ́dún tó ń bọ̀, mo sì máa wà níbẹ̀. Mo ti ń tọ́jú owó ọkọ̀ òfuurufú díẹ̀díẹ̀, mo ti tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Lórí pèpéle ni màá dúró, lálẹ́, kí ọkàn yín lè balẹ̀. Ìtàn yẹn náà ni màá kà, mi ò ní pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ Màmá ni mo fẹ́ kí ẹ jókòó sí.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Òjò ò ní ba kòkó yín jẹ́, ẹsẹ̀ yín ò ní yẹ̀ lọ́nà oko. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, lọ́mọdé lágbà.

Fúnmi ní nírọ̀lẹ́, Màmá máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á dá orin náà, wọ́n á sì dúró. Ẹ̀yin wà nínú ilé, ẹ ń gbọ́, ẹ ò sọ nǹkan kan. Bí wọ́n bá tún béèrè pé ọmọ àwọn dà, ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ dá wọn lóhùn. Ẹ ní ó ń bọ̀ lọ́nà.

Ọmọ yín,
Yétúndé