Bàbá Mi, Físíksì Ni Mo Yàn

Bàbá mi, àárò yín ń sọ mí púpọ̀. Ara mi le. Ẹ má da ara yín láàmú nítorí ikọ́ tí ẹ gbọ́ lórí fóònù. Yàrá mi kàn tutù díẹ̀ ni.

Níbi tí mo ti ń fọ abọ́, omi kán sórí páànù ìdáná tó ṣì wà lórí iná, tó gbóná janjan. Dípò kó gbẹ, ńṣe ló ń sáré kiri bí ọmọ tó jí ẹran ọbẹ̀ jẹ. Mo bi olùkọ́ físíksì wa léèrè.

Ó ní, "Ooru tó ń jáde lára omi náà ló gbé e sókè. Ṣùgbọ́n ibi tó máa sá gbà, èmi náà ò lè sọ. Ṣé o ò ní wá bá wa wá a?"

Inú mi dùn débi pé mò ń dá rẹ́rìn-ín lójú títì.

Bàbá, mo ti fi ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀. Mo mọ̀ pé gbogbo àdúgbò ló ti ń pè yín ní bàbá dókítà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi.

Ẹ bá mi kí màmá, ẹ ní mò ń jẹun dáadáa. Tí àbúrò mi bá ń béèrè ìbéèrè, ẹ má pa á lẹ́nu mọ́. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibí.